Bí Díráífù SSD Bá Ń Ṣe Ségesège Lórí Kọ̀ǹpútà Linux: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Olùgbé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń sọ di ọ̀tun nípa ohun méjì: wọn a yọ díráífù àtijọ́ tó ń yí kúrò, wọn a fi SSD sí i; wọn a sì fi Ubuntu tàbí Linux Mint rọ́pò Windows tó ti wúwo jù fún ẹ̀rọ náà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH ní Ìkòròdú, ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ Pólì Ìpínlẹ̀ Èkó títí di 2022, ó wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti LASU ní Ẹ̀pẹ́, ó sì wúlò fún ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti fún ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún ará ìlú. Ohun tí kì í hàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ẹ̀rọ náà ni pé gbogbo iṣẹ́ wọn ti wà nínú pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan. Díráífù àtijọ́ sábà máa ń kérora kó tó kú. SSD kì í kérora.

A kọ ojú ìwé yìí fún ẹni tí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ bá dé bá. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe ni yóò pinnu bóyá iṣẹ́ yín yóò là. Ẹ kọ́kọ́ gba fáìlì là. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ohun tó fà á. Àtúnṣe ló ń bọ̀ kẹ́yìn. Àwọn tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ni wọ́n sábà máa ń pàdánù ohun tí ìbá ṣe é gbà là. A sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ díráífù.

Àwọn àmì rẹ̀

Kọ̀ǹpútà lè dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú kan, kó sì tún máa lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ lè fẹ́ tọ́jú ìwé tí ẹ ń kọ, kí ẹ̀rọ sọ fún yín pé "Read-only file system". Kì í ṣe ẹ ló ṣe àṣìṣe. Lórí ext4, tí Ubuntu ń lò bí ẹ kò bá yan òmíràn, ètò náà máa ń ti ìkọ̀wé pa nígbà tó bá rí àṣìṣe nínú àkọsílẹ̀ fáìlì, kí ìbàjẹ́ má baà pọ̀ sí i. Nígbà mìíràn, ẹ ó tan ẹ̀rọ láàárọ̀, ojú ewé dúdú tí a kọ "initramfs" sí ni yóò kí yín. Tàbí kí díráífù má tilẹ̀ hàn rárá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ẹ̀rọ tí ẹ tún tàn án, yóò padà wá. Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù, nítorí pé ọkàn a balẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá padà.

Kí ẹ̀rọ kàn máa falẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ tẹ àṣẹ "df -h" kí ẹ wo bí ààyè tó kù ti pọ̀ tó. SSD tó ti kún fọ́fọ́ kò ní ibi tí yóò ti yí ẹrù padà, yóò sì máa fà. Ẹ pa ohun tí ẹ kò nílò rẹ́, kí ẹ sì ṣe àṣẹ "sudo fstrim -av", tó ń sọ fún díráífù pé àwọn ibi tí ẹ ti pa rẹ́ ti ṣófo. Ubuntu máa ń ṣe é fúnra rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé lẹ́yìn fstrim, fáìlì tí ẹ ṣèèṣì pa rẹ́ kò ní ṣe é wá rí mọ́ bí a ti ń wá a rí lórí díráífù àtijọ́.

Ẹ gba fáìlì là ná

Bí ẹ bá ti rí àwọn àmì tí a kọ́kọ́ dárúkọ, ẹ má ṣe fi ohun tuntun kankan sórí díráífù náà. Ẹ má ṣe sọ Ubuntu di tuntun, ẹ má ṣe fi sọ́fítíwíà kún un, ẹ má sì ṣe sáré lọ lo fsck. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fsck yìí yóò ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí òun ni ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń gbọ́. Iṣẹ́ fsck ni láti mú kí àkọsílẹ̀ fáìlì bá ara rẹ̀ mu. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti dáàbò bo ohun tó wà nínú fáìlì yín. Lórí díráífù tí kò lè ka ara rẹ̀ dáadáa, ó lè gé dànù ohun tí ẹ ṣì lè rí gbà.

Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ so díráífù ìta tàbí fláàṣì mọ́ ọn, kí ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn ohun tí owó kò lè rà padà: iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́, èsì ìdánwò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ìwé gbèsè àwọn oníbàárà, àwòrán ẹbí. Fíìmù àti orin lè dúró. Sọ́fítíwíà kò tilẹ̀ nílò ẹ̀dà, nítorí ẹ lè tún un gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹ̀rọ kò bá tàn mọ́, tàbí tí ẹ̀dà ṣíṣe ń kọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ lo kọ̀ǹpútà mìíràn láti fi Ubuntu sórí fláàṣì, ẹ fi fláàṣì náà tan ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn, kí ẹ sì yan "Try Ubuntu", kì í ṣe "Install". Láti ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ tí ètò fún díráífù kọ̀ọ̀kan:

lsblk -o NAME,SIZE,MODEL

Lẹ́yìn náà ẹ gba ddrescue, tó wà fún irú ọjọ́ yìí gan-an, kí ẹ sì lò ó:

sudo apt install gddrescue
sudo ddrescue -d /dev/sda /media/ubuntu/ITA/aworan.img /media/ubuntu/ITA/aworan.map

Níhìn-ín, a ti fi ITA dúró fún orúkọ díráífù ìta yín. Orúkọ àkọ́kọ́ ni díráífù tó ń ṣàìsàn. Èkejì ni ibi tí ẹ̀dà rẹ̀ yóò wà. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, ẹ lè pa ohun tí ẹ fẹ́ gbà là rẹ́ pátápátá, nítorí náà ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Enter. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìwé ìrántí tó ń kọ ibi tí iṣẹ́ dé sílẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀, yóò sì máa bá a lọ láti ibi tó ti dúró. Ààyè tó kù lórí díráífù ìta gbọ́dọ̀ ju gbogbo títóbi díráífù tó ń ṣàìsàn lọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ FAT32, tí kì í gba fáìlì tó tó 4 GB. ddrescue máa ń kó ibi tó rọrùn ná, kó tó padà sí ibi tó le. Bí ẹ bá fẹ́ lo fsck lẹ́yìn náà, orí ẹ̀dà ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ ti lò ó.

Bí díráífù kò bá hàn rárá, àní nínú BIOS, ìgbésẹ̀ kan wà tí ilé iṣẹ́ Crucial máa ń gbà àwọn oníbàárà rẹ̀ nímọ̀ràn, tó sì ti gba àwọn kan là lẹ́yìn tí iná lọ lójijì: ẹ jẹ́ kí díráífù ní iná fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú láìṣe iṣẹ́ kankan, ẹ yọ iná kúrò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ wọ ojú ewé BIOS, kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá padà, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ṣe iyebíye, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ ìgbàpadà ìsọfúnni. Gbígbé díráífù sínú fìríìjì, tí àwọn kan ṣì ń sọ káàkiri, ọ̀rọ̀ díráífù tó ń yí ni. Kò ṣe SSD ní oore kankan.

Ohun tí ètò ń sọ

Oore ńlá kan tí Linux ṣe wá ni pé kì í fi àìsàn pamọ́. Nígbà tí fáìlì yín bá ti wà ní ibi ààbò, ẹ ka ohun tí kernel, tó jẹ́ ọkàn ètò náà, ti kọ sílẹ̀:

sudo dmesg -T
sudo journalctl -k -b -1

Àkọ́kọ́ ń sọ ti òní. Èkejì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀rọ tó kú kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí "ICRC" tàbí "hard resetting link" léraléra, ọ̀rọ̀ ni ó ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà láàárín kọ̀ǹpútà àti díráífù: wáyà SATA, ihò tí a kì í bọ̀, tàbí iná tó ń lọ sínú díráífù. Bí ẹ bá rí "UNC", díráífù fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́wọ́ pé òun kò lè ka ohun tí òun tọ́jú. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ni owó yín wà nínú rẹ̀, nítorí pé wáyà kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ díráífù tuntun.

Lórí SSD irú NVMe, ẹ lè rí "controller is down, will reset". Nígbà mìíràn, díráífù ti lọ sùn kó lè fi iná pamọ́ ni, kò sì jí dáadáa mọ́. Ọ̀nà kan wà láti dán èyí wò tí kò ní pa nǹkan kan lára. Nígbà tí GRUB bá hàn, ẹ tẹ e, ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "linux", kí ẹ fi èyí sí ìparí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ F10:

nvme_core.default_ps_max_latency_us=0

Fún ìgbà kan yẹn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa fi í sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ségesège bá dúró, ẹ fi í sínú /etc/default/grub, ẹ ṣe "sudo update-grub", kí ẹ sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ríra díráífù tuntun.

Lẹ́yìn èyí ni smartctl, tó ń bi díráífù léèrè ìlera rẹ̀. Inú àkópọ̀ smartmontools ló wà. Fún NVMe, ẹ fi /dev/nvme0 rọ́pò /dev/sda:

sudo smartctl -a /dev/sda

Ẹ ó rí "PASSED" lókè. Ẹ má jẹ́ kí ó fi yín lọ́kàn balẹ̀ jù, nítorí pé díráífù tó ń kú lọ máa ń kọ ọ́ nígbà mìíràn. Ẹ wo ìsàlẹ̀. Lórí díráífù SATA, UDMA_CRC_Error_Count jẹ́ ẹ̀sùn sí wáyà. Iye rẹ̀ kì í dín kù, nítorí náà ẹ kọ ti òní sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà, kí ẹ sì tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí Reallocated_Sector_Ct tàbí Reported_Uncorrect bá ń pọ̀ sí i, díráífù fúnra rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Orúkọ wọ̀nyí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Lórí NVMe, Critical Warning gbọ́dọ̀ jẹ́ 0x00, Media and Data Integrity Errors sì yẹ kó jẹ́ 0. Percentage Used tó ti dé 100 kò túmọ̀ sí ikú. Ó kàn ń sọ pé díráífù ti lo gbogbo ọjọ́ orí tí ẹni tó ṣe é dá fún un.

Ọ̀rọ̀ iná

Ẹ wo nọ́ńbà kan sí i lórí NVMe: Unsafe Shutdowns. Òun ni iye ìgbà tí iná ti gé mọ́ díráífù lẹ́nu láìdágbére. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin, tí a ṣe kó lè pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì, wà ní Ìkòròdú níhìn-ín, síbẹ̀ ẹni tó ń gbé ìtòsí rẹ̀ mọ bí iná ti ń lọ, tó ń bọ̀, tó sì ń dín kù kó tó lọ. Ẹni tó wà létí odò tó ń fi itọ́ fọ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ náà jọ. Bí Unsafe Shutdowns bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Power Cycles, tí í ṣe iye ìgbà tí díráífù ti gba iná, ẹ ti rí afurasí àkọ́kọ́ yín.

Kí ló dé tí iná tó lọ lójijì fi ń pa SSD lára? SSD kò lè kọ nǹkan tuntun lé àtijọ́ lórí. Ibi tó ṣófo ló máa ń kọ ọ́ sí, a sì wá kó àtijọ́ dànù nígbà tí àyè bá yọ. Nítorí náà ó ní ìwé kan tó ń fi ibi tí gbogbo nǹkan wà hàn, ìwé yìí sì ń yí padà ní gbogbo ìgbà. Ó dà bí akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí tó ń kó ẹrù láti yàrá dé yàrá, tó fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sí orí ná kó tó kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹnì kan bá gbá a lórí lójijì, ẹrù ṣì wà nínú ilé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ yàrá tí ó wà mọ́. Àwọn SSD tí a ṣe fún ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń ní ohun kékeré tó ń fi iná díẹ̀ pamọ́ kí akọ̀wé náà lè parí àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó pọ́ọ́kú kò ní in. Ìwé ìrántí ext4 kò sì lè gbà wá níbẹ̀, nítorí pé àkọsílẹ̀ fáìlì nìkan ló ń ṣọ́. Kò mọ ìwé inú díráífù.

Èrò tiwa ni pé, bí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín bá ti kú tí ẹ sì ń lò ó láti ara wáyà iná nìkan, kí ẹ ra bátìrì kí ẹ tó ra SSD kejì. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ pé ti ní ìdáàbòbò tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì nílò UPS. Èyí tó lè gbé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti pa ẹ̀rọ jẹ́jẹ́. Sítébíláísà kì í ṣe UPS. Ó ń tún iná tó ń lọ sókè sódò ṣe, kò ní iná tirẹ̀ tí yóò fún yín nígbà tí ti ìta bá lọ. Ẹ tún ṣọ́ra fún àsìkò tí ẹ bá ń yí láti iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀: ẹ pa ẹ̀rọ ná.

Ẹni tó ń gbé létí ọ̀sà, yálà ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní ìsàlẹ̀ Ìkòròdú, ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti fi kún un. Ọ̀rinrin máa ń ba ojú irin tí díráífù fi kan kọ̀ǹpútà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ iná àti bátìrì, ẹ yọ díráífù, ẹ tún un fi sí i kó wọlé dáadáa. Èyí nìkan ti wo àìsàn "ó ń lọ ó ń bọ̀" sàn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ooru náà ní tirẹ̀. Ìlànà JEDEC béèrè pé SSD ilé tí ó ti lo ọjọ́ orí rẹ̀ tán ṣì gbọ́dọ̀ lè tọ́jú ohun inú rẹ̀ fún ọdún kan láìsí iná ní ìgbóná 30°C. Bí ibi tí ó wà bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, àkókò náà ń kúrú sí i, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù onípáànù tí a tì pa lọ́sàn-án ní Èkó ju 30°C lọ. SSD tó ti gbó kì í ṣe ibi tí a ń fi ìwé pamọ́ sí nínú dúrọ́ọ̀.

Tòkunbọ̀ àti ayédèrú

Kí ẹ tó sanwó fún SSD tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi Power_On_Hours hàn yín nínú smartctl. Ní 2019, ilé iṣẹ́ HPE kéde pé àwọn SSD kan tí wọ́n ń tà fún sẹ́fà yóò kú pátápátá bí wọ́n bá ti pé wákàtí 32,768 lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ọdún mẹ́ta, ọjọ́ 270 àti wákàtí mẹ́jọ, tí kò sì sí ọ̀nà láti gba ohun inú wọn padà, àfi bí a bá ti fi firmware tuntun sí wọn ṣáájú. Ṣáájú rẹ̀, Crucial m4 ní irú tirẹ̀: lẹ́yìn wákàtí 5,184, ó ń dì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, títí firmware tuntun fi dé ní oṣù kìíní ọdún 2012. Ẹni tó ra irú díráífù bẹ́ẹ̀ ìbá ti bú NEPA lásán. Àṣẹ "fwupdmgr get-updates" yóò sọ bóyá firmware tuntun wà fún tiyín, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ń fi í ránṣẹ́ lọ́nà yẹn.

Díráífù ayédèrú ń purọ́ nípa títóbi rẹ̀. A kọ 2 TB sí i lára, ṣùgbọ́n ààyè inú rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Bó bá kún, a máa kọ tuntun lé àtijọ́, fáìlì a sì máa bàjẹ́ láìsí ìkìlọ̀. Àkópọ̀ f3 ń tú àṣírí yìí. Ẹ lo "f3write" láti kún un, kí ẹ wá lo "f3read" láti kà á padà. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Bí ẹni tó tà á bá kọ̀ láti gbà á padà, ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Àjọ Ìdáàbòbò Àwọn Oníbàárà ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a mọ̀ sí LASCOPA, tàbí FCCPC ti ìjọba àpapọ̀. Èsì smartctl àti f3 tí ẹ tẹ̀ sórí ìwé jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tí orúkọ, fọ́tò àti nọ́ńbà NIN àwọn ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ wọn. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, fi ààbò irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọrùn ẹni tó gbà á, ó sì béèrè pé kí ó fi tó àjọ tó ń mójú tó òfin náà létí láàárín wákàtí 72 bí ó bá jáde lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára. Díráífù tó ti bàjẹ́ tí ẹ tà fún oníkọ̀ǹdẹ́mù ṣì lè sọ̀rọ̀ fún ẹni tó mọ bí a ti ń bi í. Bí ó bá ṣì ń dáhùn, ẹ ní kí oníṣẹ́ fi àṣẹ ìparẹ́ tirẹ̀ nù ún. Bí kò bá dáhùn mọ́, ẹ fi òòlù fọ́ àwọn ègé dúdú tó wà lórí pátákó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì jó o, nítorí èéfín rẹ̀ lóró. Lórí díráífù tuntun, nígbà tí ẹ bá ń fi Ubuntu sí i, ẹ yan ìfipamọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà sí ibi tí kì í ṣe inú ẹ̀rọ kan náà.